Bí Ọkọ̀ Bá Ń Gbóná Lẹ́yìn Tí Ẹ Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì: Ibi Tó Yẹ Kẹ́ ẹ Wò Kẹ́ ẹ Tó Dá Ẹ́ńjìnnì Lẹ́bi

Iṣẹ́ ràdíétọ̀ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, lójú ọ̀nà Ìlobùú. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tán, tí ọkọ̀ náà wá ń gbóná, ọ̀dọ̀ èmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ni wọ́n sábà máa ń gbé ràdíétọ̀ rẹ̀ wá. Ẹni tó gbé e wá á ti dá ẹjọ́ kó tó dé: "Ràdíétọ̀ yìí ti dí, ẹ bá mi ṣí i." Tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò tí mo ní kò dí, ó tún dá ẹjọ́ mìíràn: "A jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí mo rà ni ò dáa." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ẹni tó sún owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ síwájú kó tó ra ẹ́ńjìnnì tọ́kúnbọ̀ ní Àràròmí n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, tó bá dá a padà, kò ní rí gbogbo owó rẹ̀ gbà, ó sì tún máa san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀hún lè má mọ nǹkan kan nípa ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nìyí: ibi tí ọwọ́ ti kàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ẹ́ńjìnnì tó lè jáde nínú ọkọ̀, wọ́n á da omi nù, wọ́n á yọ họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, wọ́n á yọ fáànù àti wáyà rẹ̀, wọ́n á tú bẹ́líìtì, wọ́n á tú wáyà ńlá tó so ara ẹ́ńjìnnì mọ́ bátìrì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè mú ọkọ̀ gbóná bí wọn ò bá dá a padà bó ṣe wà.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń fò: kí ló pa ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́? Tó bá jẹ́ ooru ló pa á, ohun tó fa ooru yẹn lè ṣì wà nínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì nìkan lẹ pààrọ̀. Ràdíétọ̀ yẹn náà ló wà níbẹ̀, fáànù yẹn náà ni, ìdérí yẹn náà ni. Ẹ́ńjìnnì tuntun á kàn bá wàhálà tó wà nílẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó tẹ̀ síwájú: ẹ má ṣí ìdérí ràdíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ìdérí tí wọ́n kọ 1.1 sí lórí ń tẹ omi mọ́lẹ̀ débi pé ó lè gbóná kọjá 115°C láìhó. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, omi yẹn á ru jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ojú àti àyà ẹni tó ṣí i ló máa bá. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tí awọ apá rẹ̀ bó látòkè dé ọrùn ọwọ́. Ẹ dúró títí ẹ ó fi lè di họ́ọ̀sì òkè mú láìfọwọ́ kúrò. Fáànù oníná náà, nínú ọkọ̀ mìíràn ó lè dédé máa yí lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ orí bátìrì kẹ́ ẹ tó kiwọ́ bọ ibẹ̀.

Ibo ló ti ń gbóná?

Mi ò kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ títí máa fi gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Tí oníbàárà bá ní inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, bíi lábẹ́ afárá Ọ̀láìyá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí ní Ìgbọ̀nà nígbà tí ọjà bá kún, ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sójú ọ̀nà Gbọ̀ngán tó sì ń sáré, gééjì ooru á wálẹ̀, fáànù ni mo máa kọjú sí. Ọkọ̀ tó ń sáré ò fi bẹ́ẹ̀ nílò fáànù, atẹ́gùn tó ń bọ̀ níwájú ló ń tu ràdíétọ̀ rẹ̀ lára. Ọkọ̀ tó dúró ò ní nǹkan mìíràn ju fáànù lọ.

Tó bá jẹ́ òdìkejì ni, pé inú ìlú ò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ tó bá kọrí sí Iléṣà pẹ̀lú èrò àti ẹrù tó sì ń gun òkè, gééjì á máa lọ sókè, omi ni kò yí tó. Ràdíétọ̀ ti dí, tàbí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀, tàbí pọ́ọ̀ǹpù omi ti jẹrà, tàbí bẹ́líìtì ń yọ̀, tàbí ràdíétọ̀ náà kéré ju ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé wọlé lọ. Catalytic (ohun tó ń sẹ́ èéfín) tó ti dí nínú èsọ́ọ̀sì náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Èyí tó ń gbóná níbi gbogbo, kó tó jìnnà sílé, omi rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ wò, afẹ́fẹ́ tó há, thermostat (ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi láti yí gba ràdíétọ̀ nígbà tó bá gbóná) tí kò ṣí, lẹ́yìn náà ló tó kan tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá tan AC nìkan ló ń gbóná, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín kọ́ńdẹ́ńsà (ràdíétọ̀ AC tó wà níwájú) àti ràdíétọ̀. Ewé, iyẹ̀ ẹyẹ àti ọ̀rá máa ń kó síbẹ̀. Ẹ tún wo fóòmù tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ ràdíétọ̀ àti ike ńlá tó yí fáànù ká. Mẹkáníìkì tó bá ń wá àyè fún ẹ́ńjìnnì máa ń yọ wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ á parí, wọn á sì ṣẹ́ kù sílẹ̀ níbẹ̀. Láìsí wọn, fáànù á máa fa atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́, kò ní fa èyí tó yẹ kó gba inú ràdíétọ̀ kọjá.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú omi

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Ibi tí omi bá ti kúrò, afẹ́fẹ́ ló ń gbà á. Tí wọ́n bá wá da omi kún ràdíétọ̀ wàràwàrà tí wọ́n dé e, afẹ́fẹ́ yẹn á lọ jókòó síbi tó ga jù, sábà lórí ẹ́ńjìnnì tàbí nínú họ́ọ̀sì hítà, omi ò sì ní lè débẹ̀. Corolla 2003 sí 2008, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ, ń gba nǹkan bíi lítà 6 àti ààbọ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì gbígbẹ sínú rẹ̀, tí mẹkáníìkì wá ní lítà 3 péré ló ti kún, ẹ bi í pé níbo lèyí tó kù wà.

Bí mo ṣe ń lé e jáde nìyí. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Mo máa ń jẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú sí òkè, tàbí kí n fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ kí ẹnu ràdíétọ̀ lè ga ju gbogbo ibi yòókù lọ, màá sì fi nǹkan dí táyà ẹ̀yìn. Màá yí hítà sí ibi tó gbóná jù. Màá wá máa da omi àti kúláǹtì sí i díẹ̀díẹ̀, màá sì máa fọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbó gulugulu jáde, omi á sì máa lọ sílẹ̀. Nígbà tí kò bá lọ sílẹ̀ mọ́, mo máa ń ṣáná sí i pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, màá sì máa wo ẹnu rẹ̀. Ní bíi 80 sí 84°C, thermostat Toyota á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ ó mọ̀ ọ́n, torí omi tó wà lẹ́nu ràdíétọ̀ á dédé lọ sílẹ̀, họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tó tutù tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ bu kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tẹ iná rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún tẹ ẹ́. Mi ò kì í dé e títí fáànù á fi tan tó sì kú fúnra rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ò sì hó jáde mọ́.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tí hítà sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yín lójú, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ tàbí omi ò tó. Mo mọ̀ pé a kì í lo hítà l'Óṣogbo, ọ̀pọ̀ sì ti yọ họ́ọ̀sì rẹ̀ kúrò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ fi họ́ọ̀sì kan so ẹnu méjèèjì pọ̀ kí omi lè máa yí. Ẹ má gé igi dí ẹnu rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan wà tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà hítà yẹn ni omi gbígbóná ń gbà dé ibi tí thermostat wà kó lè mọ̀ pé ó tó àkókò láti ṣí.

Fáànù tó ń yí, tí kò ṣiṣẹ́

Tíṣà kan gbé Corolla rẹ̀ wá láti Òfàtẹ̀dó. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti ra ràdíétọ̀ tuntun, ọkọ̀ ṣì ń gbóná bó bá ti dúró. Mo ní fáànù ni mo fẹ́ wò.

"Bọ̀ọ̀dá, fáànù ń yí o. Ojú ara mi ni mo fi rí i."

"Mo gbà fún yín, mà. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ń fẹ́ sí."

A ṣáná sí i, a tan AC kí fáànù lè yí. Mo mú ọ̀rá pure water tó ti gbẹ, mo gbé e síwájú kọ́ńdẹ́ńsà, níta gbangba níwájú ọkọ̀. Fáànù Corolla ń bẹ lẹ́yìn ràdíétọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa atẹ́gùn láti iwájú wá sẹ́yìn, torí náà ọ̀rá yẹn yẹ kó lẹ̀ mọ́ kọ́ńdẹ́ńsà típẹ́típẹ́. Ńṣe ló fò kúrò lọ́wọ́ mi. Mo tún gbé e síbẹ̀, ó tún fò. Ẹni tó gé ojú wáyà fáànù nígbà tí wọ́n ń yọ ẹ́ńjìnnì ti so wọ́n padà ní ìdàkejì. Mọ́tò fáànù ò ní kọ̀, á kàn máa yí sẹ́yìn ni, á máa ti ooru ẹ́ńjìnnì padà gba inú ràdíétọ̀. A tú wáyà méjèèjì, a pààrọ̀ wọn síra, a jó o mọ́ra dáadáa, a wé e. Ọ̀rá lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀, kò sì já bọ́ títí a fi pa iná. Ràdíétọ̀ tuntun tí wọ́n rà fún un, kò nílò rẹ̀ rárá.

Torí náà, ẹ má fi ojú nìkan wo fáànù. Ẹ gbé bébà tàbí ọ̀rá síwájú rẹ̀.

Tí kò bá yí rárá, ẹ fa wáyà méjì láti bátìrì wá sí ẹnu mọ́tò rẹ̀ tààrà. Tó bá yí, mọ́tò dáa, ẹ lọ sọ́dọ̀ fíúùsì àti rìléè (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù). Rìléè fáànù àti ti nǹkan mìíràn nínú àpótí kan náà máa ń bára mu, ẹ yọ èkejì fi dán an wò. Nínú Toyota àtijọ́ bíi Camry Orobo àti pencil light, swíìṣì kan wà lára ràdíétọ̀ tó ń tan fáànù nígbà tí omi bá tó nǹkan bíi 93°C. Tẹ́ ẹ bá fa wáyà swíìṣì yẹn kúrò tí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní títàn, fáànù gbọ́dọ̀ yí. Tó bá yí nígbà náà, tí kì í yí fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá gbóná, swíìṣì ló ti kú. Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń pàṣẹ fún fáànù, ohun tó bá sì gbọ́ lẹ́nu ṣẹ́ńsọ̀ ló ń tẹ̀ lé.

Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà kó máa yí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn rewire wa máa ń ṣe é, ó sì máa ń bo wàhálà mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Wáyà tínínrín tí wọ́n sábà fi ń ṣe é máa ń yọ́, ọjọ́ tó bá sì jó, ẹ ò ní mọ̀ títí gééjì á fi dé H.

Wáyà ilẹ̀

Ọkọ̀ kan wà, Camry Big Daddy, ti Alhájì kan tó ń ti Ìkìrun wọ ìlú lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án, ó dáa. Lálẹ́, gééjì á gòkè. Wọ́n ti fọ ràdíétọ̀ rẹ̀ níbòmíràn, wọ́n ti pààrọ̀ thermostat. Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́, mo tan iná iwájú: ọwọ́ gééjì lọ sókè lójú mi. Mo pa iná: ó padà wálẹ̀. Omi ò lè mọ̀ pé mo tan iná. Iná mànàmáná ló ń sọ nǹkan tí kì í ṣe òótọ́ fún gééjì. Wáyà ilẹ̀ tó yẹ kó so ara ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì, wọ́n fi í sílẹ̀ láìdì, ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà.

Ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e sí fóòtì DC, ẹ fi ẹnu pupa kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, ẹ fi ẹnu dúdú kan orí bátìrì tó jẹ́ mínúùsì, kí ẹnì kan máa ṣáná sí ọkọ̀. Tó bá kọjá fóòtì 0.3, wáyà ilẹ̀ yín ò dáa. Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò níbi tó ti fara kan irin, ẹ fi wáyà tó nípọn dì í. Ẹ́ńjìnnì tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ ò dáa á máa wá ọ̀nà mìíràn tí iná lè gbà, inú omi ràdíétọ̀ sì wà lára ọ̀nà yẹn. Mo ti rí ràdíétọ̀ alumíníọ̀mù tó lu ihò wẹ́wẹ́ nítorí èyí, ẹni tó ni ín sì ń bínú sí ẹni tó tà á fún un.

Ṣé gééjì ń sọ òótọ́?

Ẹ́ńjìnnì tọ́kúnbọ̀ máa ń wá pẹ̀lú ṣẹ́ńsọ̀ tirẹ̀, ṣẹ́ńsọ̀ yẹn lè má bá gééjì ọkọ̀ yín mu. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, méjì ni wọ́n: èyí tó ní wáyà kan ń bá gééjì sọ̀rọ̀, èyí tó ní wáyà méjì ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹ yọ ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yín, tí kò bá ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ fi sára ẹ́ńjìnnì tuntun. Ṣẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì ti Toyota máa ń wà láàárín ohm 2000 sí 3000 ní 20°C, á sì wálẹ̀ sí ohm 200 sí 400 ní 80°C.

Tí ọkọ̀ yín bá gba skánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀), ẹ ra ELM327 kékeré tó ń lo Bluetooth, ẹ fi fóònù ka ooru omi rẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ kà á láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n tó ṣáná sí ọkọ̀ rárá. Láàárọ̀, ooru omi gbọ́dọ̀ bá ooru ìta mu, bíi 24 tàbí 26°C l'Óṣogbo níbí. Tí ọkọ̀ tó sùn mọ́jú bá ní omi òun jẹ́ 60°C, ṣẹ́ńsọ̀ ń parọ́, ẹ má tú nǹkan mìíràn. Nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́, 82 sí bíi 97°C kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Ọwọ́ gééjì Toyota máa ń dúró sójú kan láàárín, kódà bí ooru bá ń lọ sókè sódò díẹ̀, nígbà tó bá fi máa kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń di ńlá. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ thermostat sọnù

Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ jù nù nílẹ̀ yìí, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, pé àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀. Èyí ò tọ̀nà rárá. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá gbóná tó ibi tó yẹ, kọ̀ǹpútà á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo bẹntiróòlù lé e lórí, epo náà á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára písítìnì. Nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, thermostat yìí kan náà ló ń dí ojú ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé ràdíétọ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti ṣí ọ̀nà àbùjá yẹn sílẹ̀ nìyẹn, ọkọ̀ á sì túbọ̀ gbóná lójú ọ̀nà jíjìn.

Ẹ dán an wò nínú ìkòkò. Ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú omi, kó má fara kan ìdí ìkòkò, kẹ́ ẹ sì ní tẹmómítà. Ti Toyota 1ZZ àti 2AZ (ẹ́ńjìnnì Camry Big Daddy) máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84°C, tó bá fi máa tó 95°C ó gbọ́dọ̀ ti ṣí tó mìlímítà 10. Èyí tó bá ṣí láàbọ̀, ẹ gbé e sọnù. Ní ti ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ má tiẹ̀ dán an wò, ẹ ra tuntun, kẹ́ ẹ fi sí i nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Ìhà tí sípíríìngì wà ló ń kọjú sínú ẹ́ńjìnnì, irin kékeré tó ń mì jìgìjìgì lára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lókè kí afẹ́fẹ́ lè rí ibẹ̀ gbà jáde.

Ohun tó bá ẹ́ńjìnnì wá láti òkè òkun

Wọ́n máa ń fi àkísà, téèpù tàbí ọ̀rá dí àwọn ihò ẹ́ńjìnnì kí ìdọ̀tí má bàa wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń kánjú lè má yọ gbogbo rẹ̀. Mo ti fa àkísà kan jáde lẹ́nu ibi tí omi ń gbà jáde lórí ẹ́ńjìnnì, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, ó ti dúdú, omi gbígbóná ti sè é di kíki. Ọkọ̀ yẹn ti jẹ ràdíétọ̀ méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ́ńjìnnì wọlé, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ihò omi, ẹ ti ọmọ ìka bọ̀ ọ́, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ láti òkè wá títí èyí tó ń jáde á fi mọ́.

Ìgbà yẹn náà ló yẹ kẹ́ ẹ tú pọ́ọ̀ǹpù omi wò. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti pẹ́ nínú kọ̀ǹténà pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú rẹ̀, irin tó ń ju omi nínú pọ́ọ̀ǹpù lè ti jẹrà. Láti òde, á máa yí, kò ní jò, kò ní dún, ṣùgbọ́n kò ní omi kan tó ń jù. Ní ti bẹ́líìtì, ẹ fi í síbi tí àwòrán tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bá sọ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn bẹ́líìtì kọ́ pọ́ọ̀ǹpù tó yẹ kí inú rẹ̀ kọ́, pọ́ọ̀ǹpù á máa yí sẹ́yìn.

Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún lọ́wọ́. Tó bá rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tẹ́ ẹ bá tẹ iná, pọ́ọ̀ǹpù á fà á pọ̀, omi á dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ iná nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wò ó. Tó bá jẹ́ họ́ọ̀sì òkè ló ń pẹlẹbẹ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá tutù, ìdérí ràdíétọ̀ ni kò jẹ́ kí omi padà láti inú ike ẹ̀gbẹ́ tí omi tó bá pọ̀ jù ń ṣàn sí. Ẹ ra ìdérí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ẹ má fi 0.9 rọ́pò 1.1 torí pé òun ló wà nílẹ̀.

Ràdíétọ̀ fúnra rẹ̀

Iṣẹ́ mi nìyí. Jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná dáadáa, pa á, yọ orí bátìrì kí fáànù má bàa tan lójijì, kó o wá fi àtẹ́lẹwọ́ wá gbogbo ojú ràdíétọ̀. Ibi tó bá tutù láàárín ibi tó gbóná, omi ò dé ibẹ̀. Ìbọn tó ń ka ooru máa ń fi í hàn kedere ju ọwọ́ lọ. Ẹni tó bá ti bu ata gígún tàbí fọ́ ẹyin sínú ràdíétọ̀ kó lè dí ihò tó ń jò, kó mọ̀ pé kì í ṣe ihò yẹn nìkan ló dí. Mo ti gé ràdíétọ̀ tí ata kún àárín àwọn ọ̀pá rẹ̀ dẹ́nu, kò sí àtúnṣe fún un.

Ẹ tún wo bó ṣe tóbi tó. Ẹni tó yọ ẹ́ńjìnnì oní-písítìnì mẹ́rin nínú Camry tó gbé V6 (oní-písítìnì mẹ́fà) sí i, kó wá ràdíétọ̀ V6 àti fáànù rẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ lè gbé e nínú ìlú, kò ní gbé e lójú ọ̀nà jíjìn.

Ọkọ̀ onígíà ọ́tò ní ọ̀pá méjì tó gba ìdí ràdíétọ̀ kọjá láti tu ọ́ìlì gíà lára. Nígbà tí wọ́n bá ń yọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n máa ń fa àwọn ọ̀pá yìí gan-an, ibi tí wọ́n ti wọ ràdíétọ̀ á sì sán. Tẹ́ ẹ bá rí i pé omi ràdíétọ̀ ti pupa tó sì ki bí ògì bàbà tí wọ́n bu mílíìkì sí, ẹ pa ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ má wà á dé ṣọ́ọ̀bù. Omi ti wọ gíà, gíà ò sì pẹ́ bàjẹ́ bí omi bá wọ̀ ọ́.

Ìgbà tí ẹ̀bi bá wà lọ́rùn ẹ́ńjìnnì lóòótọ́

Ẹ ti lé afẹ́fẹ́ jáde, fáànù ń fẹ́ síbi tó yẹ, thermostat tuntun ni, ọkọ̀ ṣì ń gbóná. Ó tó àkókò láti wo tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣí ìdérí láàárọ̀ nígbà tó tutù, ẹ kún un, ẹ ṣáná sí i. Tí afẹ́fẹ́ bá ń hó wẹ́wẹ́ jáde láìdáwọ́ dúró, tó sì ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ bá tẹ iná, gáàsì láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń wọ omi. Tẹ́ ẹ bá dé e, tí họ́ọ̀sì òkè wá le gbagidi kí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, omi tó ń dín kù láìsí ibi tó ń jò, ọ́ìlì tó ti funfun lára ìdérí rẹ̀, gbogbo wọn ẹlẹ́rìí ni. Èyí tó kádìí rẹ̀ ni oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń gbé sẹ́nu ràdíétọ̀: tí gáàsì ẹ́ńjìnnì oní-bẹntiróòlù bá gba inú rẹ̀ kọjá, á di yẹ́lò.

Ẹ́ńjìnnì 2AZ, èyí tó wà nínú Camry Big Daddy, ní àìsàn kan tí àwọn mẹkáníìkì káàkiri ayé mọ̀: ojú bóòtì tó di orí ẹ́ńjìnnì mú máa ń wọ́ nínú alumíníọ̀mù, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn, níhà gíláàsì iwájú. Omi á máa jò níbi tí ojú ò tó. Kẹ́ ẹ tó sanwó rẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré wo ẹ̀yìn ibi tí orí àti búlọ́ọ̀kù ti pàdé. Ipa omi tó gbẹ, funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń ṣàn wálẹ̀ láti ibẹ̀, ó tó ìdí láti wá òmíràn. Gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò wò ó sàn, àfi kí wọ́n tún ojú bóòtì ṣe pẹ̀lú ẹ̀wù irin tí wọ́n ń pè ní insert.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló jẹ̀bi, ẹ má fi ẹnu lásán padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ẹ fi fóònù ká oògùn búlúù yẹn sílẹ̀ bó ṣe ń di yẹ́lò, ẹ ká nọ́ńbà ooru lójú skánà, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà hàn nínú fídíò kan náà. Kí ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà tó pé ni kẹ́ ẹ lọ.

Tó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ò gbóná mọ́, ó ku omi tẹ́ ẹ máa fi sí i. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ wa ní ohun tó ń kó èépá sínú ọ̀pá ràdíétọ̀, kò sì ní ohun tó ń dá ìpẹtà dúró. Ẹ ra kúláǹtì, kẹ́ ẹ ka ara rẹ̀: èyí tí wọ́n ti pò tán, ẹ má bu omi sí i mọ́. Ti Toyota aláwọ̀ píǹkì jẹ́ pípò tán, èyí tó pupa ni wọ́n máa ń fi omi là ní ìdajì-ìdajì. Ẹ má po aláwọ̀ ewé mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi máákà sàmì sára ike ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ máa wò ó láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣáná. Ó lè lọ sílẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì bí afẹ́fẹ́ tó kù ṣe ń jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá ṣì ń lọ sílẹ̀, ẹ fi páálí funfun tẹ́ abẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, ẹ ó rí ibi tó ń kán sí. Àwọn kílíìpù họ́ọ̀sì tuntun máa ń dẹ̀ lẹ́yìn tí ooru bá ti wọ rọ́bà wọn lára, ẹ tún gbogbo wọn fún ní tútù lópin ọ̀sẹ̀ náà.